Oníbodè Inú Ilé: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Káàdì Nẹ́tíwọ̀kì fún Ráútà Àfọwọ́ṣe, Kí Dátà sì Máa Ṣàn Bó Ṣe Yẹ

Láyé àtijọ́, nígbà tí odi ṣì yí ìlú ká, oníbodè ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń yẹ àwọn tó ń wọlé wò, ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, ó sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ọ̀nà lè gbòòrò, ọjà inú ìlú sì lè tóbi, àmọ́ bí oníbodè bá lọ́ra, èrò á tò dé inú oko.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni fáyàwọ́ọ̀lù inú ráútà, àpótí tó so ilé yín mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ń ṣe. Gbogbo ohun tí fóònù, tẹlifíṣọ̀n, láptọ́ọ̀pù àti kámẹ́rà ń fi ránṣẹ́ tàbí tí wọ́n ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó ní CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel i5-6500 nínú ni mo fi ṣe ráútà nílé mi n'Íbàdàn, OPNsense ló sì wà lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má ra nǹkan, ẹ má sì yí nǹkan padà, àfi bí ẹ bá ti mọ ibi tí dátà ti ń há. Owó ti bọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, n kò sì fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ètò méjì ni wọ́n ń lò jù fún irú ráútà yìí, pfSense àti OPNsense. Ara m0n0wall ni pfSense ti yapa ní 2004, ara pfSense ni OPNsense ti yapa ní 2015, FreeBSD, ètò kọ̀ǹpútà bíi Windows tàbí Linux, sì ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ káàdì nẹ́tíwọ̀kì, ibi tí wáyà ti ń wọ kọ̀ǹpútà, fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, nítorí FreeBSD kì í bá gbogbo káàdì rẹ́. Bó bá jẹ́ OpenWrt tàbí ètò mìíràn tó wà lórí Linux lẹ fẹ́ lò, ọ̀pọ̀ káàdì tí màá ní kí ẹ yẹra fún níbí ló máa ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìwọ̀n ẹrù yín

Mélòó lẹ ń san owó rẹ̀? Bó bá jẹ́ 50 tàbí 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, káàdì gígábíìtì kan ṣoṣo (1000 mẹ́gábíìtì) lè gbé ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì gígábíìtì mẹ́wàá kò ní jẹ́ kí fíìmù tètè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, ìlà íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò tó 300, gígábíìtì tó wọn tó sì ṣẹ́kù.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ ni àwọn tó pín ilé sí ọ̀nà bíi mélòó kan. Bí kámẹ́rà bá wà lórí VLAN (nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n yà sọ́tọ̀) tirẹ̀, tí àpótí ìkẹ́rùsí tí ẹ ń kó fọ́tò àti fídíò sí wà lórí òmíràn, tí láptọ́ọ̀pù yín sì wà lórí ẹ̀kẹta, gbogbo ohun tó bá ń ti ibi kan lọ síbì kejì ní láti kọjá lójú ráútà, bí kò tilẹ̀ jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Níbẹ̀ ni gígábíìtì 2.5 tàbí 10 ti lè wúlò. Kí ẹ tó náwó síi, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ lè kó àpótí ìkẹ́rùsí náà sórí VLAN kan náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Súwíìṣì, àpótí tó so àwọn wáyà inú ilé pọ̀, á gbé e, ráútà kò ní mọ̀ síi, ẹ ó sì ti bọ́ nínú wàhálà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tó ń rẹ oníbodè

Ọkọ̀ ni oníbodè ń kà, kì í ka èrò. Yálà ọkọ̀ ńlá tó gbé ọgọ́ta èèyàn ló dé tàbí ọ̀kadà tó gbé ẹyọ kan, àyẹ̀wò kan náà ni yóò ṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ráútà. Kì í ṣe iye báìtì ló ń rẹ̀ ẹ́, iye pákẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn àwọn ègé tí wọ́n ń gé dátà sí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá tóbi tó bó ṣe lè tóbi mọ, tó jẹ́ báìtì 1518, gígábíìtì kan kún bí 81,274 bá kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àmọ́ bó bá jẹ́ kéékèèké báìtì 64 ni gbogbo wọn, 1,488,095 ló gbọ́dọ̀ kọjá kí gígábíìtì kan náà tó kún. Ìlọ́po méjìdínlógún iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń gba fíìmù sílẹ̀ ń ran ọkọ̀ ńlá. Ẹni tó ń ṣeré géèmù, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, àti ìbéèrè DNS (èyí tó ń wá àdírẹ́sì ojú òpó), ọ̀kadà ni gbogbo ìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ráútà òun ń gbé gígábíìtì kan, ẹ bi í pé irú pákẹ́ẹ̀tì wo ló fi wọ̀n ọ́n.

Káàdì tó dára ń ran CPU lọ́wọ́ nípa pípín pákẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé sí oríṣiríṣi ìtò, kí core kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ inú CPU, lè mú ìtò tirẹ̀. Káàdì tí kò ní ju ìtò kan lọ á di gbogbo ẹrù ru core kan ṣoṣo, bí core bá jẹ́ mẹ́rin, àwọn mẹ́ta yòókù á sì jókòó máa wò ó. Ìtò yìí ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan káàdì

Intel ni mo máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ wá, nítorí dráífà wọn (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì) lórí FreeBSD ti dàgbà. Fún gígábíìtì kan, i210 àti i350 ni ẹ kọ́kọ́ wò. i350 ní ìran onípọ́ọ̀tù méjì àti onípọ́ọ̀tù mẹ́rin, ó ní ìtò mẹ́jọ fún pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, dráífà igb ló sì ń darí rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù ú lọ, 82576 àti 82580, ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, dráífà kan náà ni wọ́n ń lò. I219 tó máa ń wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, dráífà em ló ní. Ó tó láti fi ṣe ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, kí káàdì tí ẹ rà wá ṣe ti inú ilé.

Realtek, irú 8111 àti 8168, ló pọ̀ jù lára kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú. Lórí Linux, kò sí wàhálà. Lórí FreeBSD, dráífà re tó bá ètò náà wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ráhùn lé lórí: ẹrù á pọ̀, pọ́ọ̀tù á kú fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ ó sì rí "watchdog timeout" nínú àkọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní nílé, ẹ má sọ ọ́ nù. OPNsense ní àfikún kan tó ń jẹ́ os-realtek-re, dráífà tí Realtek fúnra rẹ̀ kọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sí i, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ronú káàdì mìíràn.

Ní ti gígábíìtì 2.5, i225-V àti i226-V ló wà níta, pàápàá nínú àwọn àpótí kékeré onípọ́ọ̀tù mẹ́rin tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, èyí tí CPU Intel N100 wà nínú wọn. Àwọn i225-V tó kọ́kọ́ jáde ní àbùkù nínú àlàfo tó yẹ kó wà láàárín pákẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì, èyí sì ń mú kí wọ́n sọ pákẹ́ẹ̀tì nù lórí 2.5. Ìran B3 ló tún un ṣe. Bí ẹ bá ń ra i225, ẹ rí i pé rev 03, ìyẹn B3, ló kọ. Lórí i226 ẹ̀wẹ̀, bí pọ́ọ̀tù bá ń já tó sì ń padà láìnídìí, ẹ wọ BIOS (ètò ìpìlẹ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù) kí ẹ pa ASPM, ètò tó ń mú káàdì sùn láti fi iná pamọ́.

Gígábíìtì mẹ́wàá: X520 tí wọ́n yọ lára sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́) kò wọ́n mọ́, dráífà ix ń darí rẹ̀ dáadáa. Ẹ mú onífáíbà tàbí oníwáyà DAC, wáyà bàbà kúkúrú tí orí rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń lo wáyà RJ45, irú èyí tó wọ́pọ̀ nílé, fún gígábíìtì mẹ́wàá, bíi X540, ń mú ooru púpọ̀ jáde, inú kọ̀ǹpútà kékeré kò sì ní afẹ́fẹ́ tó láti tù wọ́n lára.

Káàdì USB, rárá. Ẹ lè fi gbé ara yín dé òwúrọ̀ ọjọ́ tí káàdì bá bàjẹ́ lóru, àmọ́ ẹ má kọ́lé lé e lórí.

Ẹ tún wo ihò tí ẹ fẹ́ ki káàdì bọ̀. PCI àtijọ́, èyí tó funfun tó gùn, 133 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá (mẹ́gábáìtì kan jẹ́ mẹ́gábíìtì mẹ́jọ) ni gbogbo ohun tó lè gbé, gbogbo káàdì tó wà lórí rẹ̀ ló sì jọ ń pín in. Pọ́ọ̀tù gígábíìtì kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. PCIe ìran kejì ń gbé 500 mẹ́gábáìtì lọ àti 500 bọ̀ lórí ojú kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ihò x1 (olójú kan) fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́ọ̀tù gígábíìtì mẹ́rin, àmọ́ i350 onípọ́ọ̀tù mẹ́rin gùn ju x1 lọ, x4 ni ara rẹ̀. Ẹ lè fi í sínú ihò x16 tó wà fún káàdì fídíò, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ oníṣòwò, ẹ wo irin ẹ̀yìn káàdì náà. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ń fẹ́ irin kúkúrú, irin gígùn kò ní jẹ́ kí ìdérí rẹ̀ pa dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ayédèrú, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jìn sí kòtò. Nínú ọjà kan, ọmọkùnrin kan gbé káàdì onípọ́ọ̀tù mẹ́rin lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, original ni. Ẹ wo páálí rẹ̀, tuntun ni."

Mo ní, "Àbúrò, èló?"

Iye tó dá lé e kò tó ìdajì ohun tí àwọn mìíràn ń tà á. Inú mi dùn, mo san án. Oṣù kan gbáko ló fi ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀sùn. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀sán bá ti mú tí àwọn ọmọ sì ń gba nǹkan sílẹ̀, pọ́ọ̀tù kẹta àti ìkẹrin á pòórá bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀ rí, àfi bí mo bá tún kọ̀ǹpútà tàn. Nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó tí mo wá rà lẹ́yìn náà, mo rí i pé ayédèrú ni, wọ́n ṣe é sórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ibi tí wọ́n fi òjé jó rí wúrúwúrú.

Láti ìgbà yẹn, àlòkù tí wọ́n yọ lára sáfà ni mo ń rà, kì í ṣe tuntun inú páálí. HP 366T jẹ́ i350 onípọ́ọ̀tù mẹ́rin, 361T jẹ́ onípọ́ọ̀tù méjì, NC365T sì jẹ́ 82580. Dell náà ní i350 tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Àwọn ayédèrú máa ń fẹ́ jọ páálí Intel gan-an, wọn kì í sábà ṣe wàhálà láti fara wé káàdì tó ti gbé ọdún márùn-ún nínú sáfà ilé ìfowópamọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ ó fi ẹrù dán an wò fún ọjọ́ méjì, pé ẹ ó dá a padà bí kò bá ṣeé ṣe. Ẹni tó mọ ohun tó ń tà á gbà fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ to ó pọ̀, ẹ sì mọ iye iná tó ń jẹ

Ráútà kì í sùn. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń jẹ wáàtì 35 yóò jẹ 840 wáàtì-wákàtí ní ọjọ́ kan. Àpótí kékeré tó ń jẹ wáàtì 12 kò ní jẹ ju 288 lọ. Lórí bátìrì 12V 200Ah, tí ẹ kò sì fẹ́ lò kọjá ìdajì kó má bàa tètè kú, 1,200 wáàtì-wákàtí lẹ ní lọ́wọ́. Ẹ rí i pé èyí àkọ́kọ́ yóò mú jù lọ nínú rẹ̀ kí fìríìjì tó gbọ́ ìró. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ni inverter ń gbé ilé yín ró, ẹ má wo owó ìrajà nìkan.

Bí ẹ bá ń fi ètò náà sórí dísíìkì, ẹ yan ZFS, ẹ má yan UFS, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dísíìkì. Iná tó ń já lójijì máa ń ba UFS jẹ́, ZFS ní ìfaradà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kì í mú dátà yára o, àmọ́ ráútà tí kò lè tàn lẹ́yìn tí iná dé kò ní ìyára kankan.

Nígbà tó bá ti tàn, ẹ wọ ojú dúdú rẹ̀, ibi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ tẹ:

pciconf -lv

Ẹ wá ibi tí ẹ ó ti rí igb0, igb1 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú orúkọ I350 lábẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ "none" ló kọ síwájú rẹ̀, FreeBSD kò ní dráífà fún un. Ẹ má bá a jà, ẹ dá a padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wáyà

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn ń fò, òun ló sì ń yanjú ìdajì ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Gígábíìtì ń fẹ́ wáyà mẹ́jọ tó wà nínú okùn náà pátá, ìyẹn ìbejì mẹ́rin. 100 mẹ́gábíìtì kò fẹ́ ju ìbejì méjì lọ. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ nínú èyí tó kù, nẹ́tíwọ̀kì kò ní kú, á kàn rọra sọ̀kalẹ̀ sí 100, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ:

ifconfig igb0

kí ẹ ka ibi tó kọ "media". 1000baseT àti full-duplex lẹ ń wá. Bó bá jẹ́ 100baseTX lẹ rí, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ọ̀pọ̀ wáyà tó wà lọ́jà wa jẹ́ CCA, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Ẹ fi ọ̀bẹ fá orí rẹ̀ díẹ̀. Bí inú bá funfun, CCA ni. Ó ń ṣẹ́ kíákíá bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó sì burú jù fún kámẹ́rà tó ń gba iná láti inú wáyà. Cat5e tó jẹ́ bàbà gidi tó fún gígábíìtì dé mítà 100. Ẹ kò nílò Cat8 tí wọ́n ń pariwo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ

Ojú òpó tí wọ́n fi ń dán ìyára íntánẹ́ẹ̀tì wò kò lè sọ fún yín bóyá ráútà ló lọ́ra tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ nílò ni iperf3, ètò tó ń wọn ìṣàn dátà, lórí láptọ́ọ̀pù méjì. Kí ẹ má sì fi iperf3 sórí ráútà fúnra rẹ̀ kí ẹ wọ̀n ọ́n síbẹ̀. Oníbodè kò lè máa ka ọkọ̀ kó tún máa wa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dátà gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ráútà, kó má parí síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ so láptọ́ọ̀pù méjèèjì mọ́ ara wọn láìsí ráútà láàárín. Lórí ọ̀kan, ẹ tẹ:

iperf3 -s

Lórí èkejì, pẹ̀lú àdírẹ́sì ti àkọ́kọ́:

iperf3 -c 10.9.9.2 -t 30 -P 4

Nǹkan bíi 941 mẹ́gábíìtì ló yẹ kí ẹ rí. Ẹ má wá 1000, kò ní dé. Nínú báìtì 1538 tí pákẹ́ẹ̀tì ńlá kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí wáyà, 1448 péré ni ẹrù tiyín, ìyókù jẹ́ àpò àti èdìdì. Bí ẹ kò bá rí 941 níbí, láptọ́ọ̀pù tàbí wáyà ló ní ẹjọ́, ẹ má dá ráútà lẹ́bi.

Ní báyìí, ẹ gbé ráútà sí àárín. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára WAN (pọ́ọ̀tù tó kọjú síta), kí ẹ fún WAN ní 10.9.9.1/24, kí láptọ́ọ̀pù kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú 10.9.9.2. Ẹ fi 10.9.9.2 ṣe gateway (ọ̀nà àbájáde) WAN náà, bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, NAT, tó ń fi àdírẹ́sì ráútà rọ́pò ti inú ilé, kò ní ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, láptọ́ọ̀pù tó wà níta kò sì ní mọ ọ̀nà tí yóò gbà fèsì. Láptọ́ọ̀pù kejì á wà ní ẹ̀gbẹ́ LAN, ìyẹn inú ilé. Ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ láti ẹ̀gbẹ́ LAN, kí ẹ sì tún un ṣe pẹ̀lú -R lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń yí ìṣàn padà. Bí dátà ti ń ṣàn, ẹ wọ ojú dúdú ráútà:

top -aSH

Ẹ tẹ P ńlá kó fi core kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀. Bí ìṣàn bá dé 941 tí gbogbo core sì ń sinmi, ẹ ti parí, ẹ lọ jẹun. Bí core kan ṣoṣo bá kún tí àwọn yòókù ń sinmi, ìtò ni ìṣòro, ẹ kà á lọ. Bí gbogbo wọn bá kún, CPU ló kéré, tàbí ẹ ti gbé iṣẹ́ tó pọ̀ jù lé e lórí. Suricata, ètò tó ń yẹ inú pákẹ́ẹ̀tì wò fún ewu, máa ń ṣe irú èyí: ẹ pa á kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ẹ tún tẹ netstat -i. Bí iye tó wà lábẹ́ Ierrs bá ń gòkè, wáyà tàbí káàdì ló ń bàjẹ́, kò sí ìyípadà kankan nínú ètò tó lè wò ó sàn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yí i padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ yí ẹyọ kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá mú ìyàtọ̀ wá, ẹ dá a padà síbi tó wà. Àwọn tó ń da ogún ìlà tí wọ́n rí níbì kan sínú ètò wọn lẹ́ẹ̀kan náà kì í mọ èyí tó tún un ṣe, wọn kì í sì í mọ èyí tó bà á jẹ́ lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà.

TSO àti LRO ni àkọ́kọ́. Pípa ni kí ẹ pa wọ́n. Fún kọ̀ǹpútà tó ń gba dátà fún ara rẹ̀, wọ́n dára: LRO á so pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń wọlé pọ̀ di ńlá, TSO á jẹ́ kí káàdì gé ńlá tó ń jáde sí kéékèèké, kí CPU lè sinmi. Ráútà kò gba nǹkan fún ara rẹ̀, ẹrù ẹlẹ́rù ló ń gbé kọjá. Bó bá so wọ́n pọ̀, ó ní láti tú wọn ká kí wọ́n tó jáde, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń dàrú. Lórí OPNsense, ẹ wo Interfaces, lẹ́yìn náà Settings. Lórí pfSense, System, Advanced, Networking. Lórí méjèèjì, pípa ni wọ́n máa ń bá ètò wá, kí ẹ kàn rí i pé ẹnikẹ́ni kò tàn wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni RSS, tó ń pín ẹrù fún àwọn core. Lórí OPNsense, ẹ lọ sí Tunables, ibi tí wọ́n ti ń yí ìlànà inú ètò padà, kí ẹ fi àwọn wọ̀nyí sí i fún CPU olócore mẹ́rin:

net.isr.bindthreads = 1
net.isr.maxthreads = -1
net.inet.rss.enabled = 1
net.inet.rss.bits = 2

Bits 2 túmọ̀ sí ìlọ́po méjì lọ́nà méjì, ìyẹn mẹ́rin. Olócore mẹ́jọ á fi 3. Ẹ tún ráútà tàn kó tó ràn.

PPPoE tún yàtọ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ pé orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ni ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún yín láti fi wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ PPPoE. Inú àpò PPPoE ni wọ́n ń kó gbogbo pákẹ́ẹ̀tì sí, káàdì kò rí ohun tó wà nínú àpò náà, kò lè pín wọn, gbogbo rẹ̀ á sì wọ inú ìtò kan. Ìdí nìyẹn tí CPU tí core rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yára fi dára fún PPPoE ju èyí tó ní core púpọ̀ tó lọ́ra lọ. Ohun tó máa ń ràn án lọ́wọ́ ni:

net.isr.dispatch = deferred

Ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn títú àpò lè lọ sórí core mìíràn. Ẹ tún rántí pé báìtì 8 ni PPPoE ń jẹ lórí pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà MTU, ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó lè kọjá, á di 1492. Bí àwọn ojú òpó kan bá ń ṣí tí àwọn kan sì ń rọ́ sójú kan láìṣí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2023, kò lo PPPoE, DHCP lásán ni, tí ráútà ń gba àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, ẹ lè fò ó.

Flow control, tí ẹ̀rọ kan fi ń sọ fún èkejì pé kó dúró díẹ̀: bí súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú kan bá ń dá gbogbo ilé dúró nítorí ẹ̀rọ kan tó lọ́ra, ẹ fi dev.igb.0.fc = 0 sí Tunables, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí irú ìṣòro yìí, ẹ fi í sílẹ̀. PowerD, tó ń darí ìyára CPU, ẹ tàn án sí hiadaptive, CPU á máa sinmi lóru, á sì tètè jí bí iṣẹ́ bá dé.

Ní ti VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), OpenVPN ń fẹ́ AES-NI, ohun tó ń mú kí CPU tètè ti ọ̀rọ̀ pa, WireGuard kò lò ó, ọ̀nà ìtìpa mìíràn tó ń jẹ́ ChaCha20 ló ń lò. Bí VPN bá lọ́ra, ẹ má wá ẹ̀bi sára káàdì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: nígbà tí ìṣàn pọ̀ ṣùgbọ́n tí ìpè ń já

Ohun tí ìyàwó mi ń ráhùn lé lórí kò ní í ṣe pẹ̀lú 941. Bí àwọn ọmọ bá ti ń gba géèmù sílẹ̀, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní London á bẹ̀rẹ̀ sí í gé lórí fóònù. Íntánẹ́ẹ̀tì kò kéré. Ọ̀kadà ló há sẹ́yìn ọkọ̀ ńlá ọgbọ̀n nínú ìtò tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi àyè ńlá sílẹ̀ fún. FQ_CoDel ni oògùn rẹ̀, wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ sínú ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì RFC 8290 ní 2018. Ó ń fún ìṣàn kọ̀ọ̀kan ní ìtò tirẹ̀, ó ń jẹ́ kí àwọn kéékèèké kọjá, ó sì ń sọ pákẹ́ẹ̀tì nù ní kíákíá bí ìtò bá ti ń pẹ́ jù, kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ lè dẹwọ́.

Ẹ kọ́kọ́ dá WAN padà sí bó ṣe wà kí ẹ tó fi láptọ́ọ̀pù dán an wò. Lórí OPNsense, ẹ lọ sí Shaper, ẹ dá pipe méjì, ọ̀kan fún ìgbàsílẹ̀, ọ̀kan fún ìfiránṣẹ́, kí ẹ yan FlowQueue-CoDel fún wọn. Lórí pfSense, Limiters ni wọ́n ń pè é. Iye tí ẹ ó kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ sí èyí tí ìlà yín ń gbé lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtò kò ní wà lọ́wọ́ yín, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ló máa wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìlà bá ń gbé 100, ẹ kọ 90. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ojú dúdú láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ ping 1.1.1.1, èyí tó ń wọn àkókò tí èsì fi ń padà, kí ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa gba fáìlì ńlá sílẹ̀. Bí àkókò ping kò bá fò sókè ju bíi 10 sí 20 mìlísẹ́kọ́ńdì lọ, ẹ máa gbé 90 lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kí ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Lórí Starlink, èyí le, nítorí iye tó ń gbé ní òwúrọ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ti alẹ́. Èmi á wọ̀n ọ́n ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lórí rẹ̀, màá sì fi iye yẹn ṣe. A ó pàdánù díẹ̀ ní òwúrọ̀, àmọ́ ohùn àwọn èèyàn wa kò ní gé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó, ẹ gba fáìlì XML ètò yín sílẹ̀ sórí fíláàṣì kan, kí ẹ lẹ bébà mọ́ ara kọ̀ǹpútà náà, tí ẹ kọ ìlà mẹ́ta péré sí: iye tí iperf3 fi hàn lójú méjèèjì, iye ping nígbà tí ẹrù wà, àti orúkọ Tunable kọ̀ọ̀kan tí ẹ yí pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yí i. Tèmi ṣì wà lára àpótí náà, ìyàwó mi ló kọ iye ping síbẹ̀.